Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ọdẹ́níran Bọ̀ Láti Igbó Àṣáìkú

Ẹ jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀. Iná tí wọ́n mú lọ yìí, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọn yóò mú un dé, orí mi sì ti di ààbọ̀ orí. Apá ọ̀tún ti dán, apá òsì ṣì rí bí oko tí olóko rẹ̀ rìnrìn àjò. Làmídì, gbé ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ sílẹ̀, n kò bá ọ jà. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ẹ ń ṣá iwin nínú tẹlifísọ̀n Làmídì kí iná tó lọ, tí ẹ ń pariwo "Ṣá a! Ṣá a!" bí ẹni pé ilé ń jó, ẹ sún mọ́ mi. Mo rí ojú yín. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má banú jẹ́. Ibi tí ẹ ń fi ìka lọ nínú géèmù yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ibẹ̀.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀," ni Làmídì wí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀, n ó sì parí rẹ̀. Ọlọ́run tó dá igbó, tó dá ẹranko sínú igbó, tó wá fi ẹ̀rín sí ẹnu ọmọ ènìyàn, Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí. Má jẹ́ kí ahọ́n mi yọ̀ níwájú àwọn wọ̀nyí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé òpin, jẹ́ kí ó délé kó bá ayọ̀ nílé. Ẹ ṣe àmín. Ẹ ṣe é kó dún, ẹ kò sùn.

Èmi Ọdẹ́jìnmí tí ẹ ń wò yìí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ogójì ọdún, bí mo bá wúkọ́ ní etí igbó, àgbọ̀nrín tó wà ní òdìkejì odò á pe ìyàwó rẹ̀, á ní kó bá òun di ẹrù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ kò sí níbẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà, Ọdẹ́níran ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kan náà ni àwa méjèèjì kọ́kọ́ gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tọ ipasẹ̀ ọ̀yà kan lọ, kò sì padà wálé. A wá a, a wá a, ohùn wa há. Àwọn àgbà ọdẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí ewé igi ti ń mì bí ojú omi, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Igbó Àṣáìkú ló wọ̀." Igbó ibi tí wọ́n ti ń ṣá nǹkan tí nǹkan náà kì í kú ni. Wọ́n ní ewu kankan kò sí níbẹ̀, adùn ló wà níbẹ̀, adùn náà ni kì í jẹ́ kí ènìyàn bọ̀ wálé.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ìbídùnní, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọdẹ́níran bí, rí ọkọ ní abúlé tó wà lódìkejì odò. Wọ́n ṣe ìdána tán, wọ́n dá ọjọ́. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílùú wa: ìyàwó kì í rékọjá ẹnu ọ̀nà ilé láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, kó sì ṣàdúrà fún un. Àbúrò Ọdẹ́níran ti fọ ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun yóò ṣe é. Ìbídùnní jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ní rárá.

"Bàbá mi kò kú," ó ní. "Bí ẹlòmíràn bá gbọ́wọ́ lé mi lórí, a jẹ́ pé a ti sin wọ́n láàyè nìyẹn. N kò lọ."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ìbídùnní, àwọn ará ilé ọkọ rẹ ní tó bá fi lè kọjá ọjọ́ méje, àwọn yóò wá kó ẹrù ìdána àwọn padà."

"Kí wọ́n kó o, ìyá mi. Kí wọ́n má gbàgbé iṣu tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ó wá yíjú sí mi. Ọmọ tó ń fìgboyà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ wá di ẹlẹ́bẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ jọ máa ń pín ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ. Ẹ bá mi lọ mú wọn wá."

Mo ní kó dìde, mo ní ọjọ́ keje kò ní bá mi lọ́nà. Mo pọ́n àdá mi títí ó fi ń dán bí eyín ọmọ tuntun. Mo wá dojú kọ ìlà oòrùn, mo gbàdúrà, mo ní, "Ọlọ́run ọba, bí mo ti ń lọ yìí, mú mi bọ̀. Bí ibẹ̀ bá sì dùn mọ́ mi jù, tí mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe, jọ̀wọ́, fà mí létí." Ẹ fi àdúrà yẹn sọ́kàn.

Mo rìn, mo dé. Kí ni ẹ tún fẹ́ gbọ́ nípa ọ̀nà?

Ní ẹnu ibodè igbó náà, mo bá bàbá arúgbó kan lórí àpáta. Irùngbọ̀n rẹ̀, omi ni. Omi náà ń ṣàn láti àyà rẹ̀ lọ sókè, ó ń bọ́ sínú àwọsánmà, àwọn ẹja kéékèèké sì ń gba inú rẹ̀ lọ. Kò wò mí. Ó ní, "Gbé ìbọn rẹ kọ́ sórí igi yẹn."

Mo ní, "Bàbá, kí ni ìbọn ṣe fún yín?"

"Ó yára jù. Eré la ń ṣe níbí. Àdá rẹ tó. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn ná: kí ni bàbá rẹ ṣá, tí ìwọ náà ń ṣá, tí ọmọ rẹ yóò ṣá, tí kò sì ní tán láéláé?"

Mo ro ó. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Ọkàn mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa, sí ibi tí ìyàwó mi ti ń fi mí sùn pé mi ò tíì ṣán an. Mo ní, "Bàbá, koríko ẹ̀yìnkùlé wa ni."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí àwọn ẹja fi ń já bọ́ láti inú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Wọlé. O ti mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn, mo wọlé. Oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀, kì í sì í gbóná. Ó kàn ń fò díẹ̀díẹ̀ káàkiri bí òwú. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní mìíràn, bí mo bá sì gbẹ́sẹ̀, ilẹ̀ náà á kọrin díẹ̀, á dákẹ́. Mo ń wò ó báyìí ni mo rí wọn. Iwin! Wọ́n ń bọ̀ bí ìgbà tí ilé ìwé jáde. Ọ̀kan ní igbá lórí, òmíràn ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, òmíràn ní ojú ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣí ọwọ́, ó ń pa ọwọ́ dé. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó rí bí ààbọ̀ ilé, tó ní fèrèsé ní ikùn. Mo bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi! Ẹ̀rù bà mí fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú.

Mo gbé àdá sókè. Fẹ́ẹ́!

Bí mo ti ṣá èyí tó ṣíwájú, ó là sí méjì bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde. Ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ló tú jáde, ó ń fò lọ bí tanátaná, òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò gba gbogbo ibẹ̀. Agogo kan ró "tín-ìn!" lókè orí mi, mo gbójú sókè, mo rí nọ́ńbà: ení. Iwin náà sì ń ṣubú lọ, ó ń sọ pé, "O káre! O káre!"

Mo ṣá èkejì. Èjì. Mo ṣá ẹ̀kẹta, mo yí po, mo ṣá ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi wé e? Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí wọ́n rán yín lọ pọn omi, tí ẹ ṣẹ́ ọ̀pá igi, tí ẹ ń fi gé orí koríko lọ́nà, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, tí ẹ gbàgbé omi, tí ẹ gbàgbé korobá, tí ẹ gbàgbé pé ẹ ní ìyá? Adùn yẹn náà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín. Ọwọ́ mi kò ro mí. Gbogbo ohun tó wúwo lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́ta yìí wá, mo ń ṣá wọn pẹ̀lú iwin, wọ́n ń di ìmọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́: bí a bá pa ẹran, a kì í kàn gbé e bẹ́ẹ̀. A ó dúró tì í, a ó kì í, a ó pe orúkọ rere tó ní, nítorí pé òun náà ní ìyá. Àṣà wa ni, ó ti mọ́ ẹnu mi lára. Iwin kan wá, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní. Mo ṣá a lulẹ̀, mo ti ń bá ọ̀nà mi lọ, ni ẹnu mi bá là fúnra rẹ̀:

"Pẹ̀lẹ́ o, Abetíbíẹní,
ọmọ tí kò ra aṣọ ìbora,
tó ń fi etí ọ̀tún tẹ́lẹ̀,
tó ń fi etí òsì bora sùn.
Òjò rọ̀, gbogbo ayé ń sá,
ìwọ gbé etí borí, o ń rìn gbẹndẹkẹ."

N kò tíì parí rẹ̀ tí orí iwin náà fi wú. Ara rẹ̀ tẹ̀lé orí. Ó dìde, ó ti ga bí igi ọ̀pẹ. Mo ké, mo fò sókè, mo tún ṣá a. Ó ṣubú. Kí sì ni mo ṣe? Mo tún kì í! Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Làmídì, ẹnu mi ni kò gbọ́ràn. Ó dìde, ó ga bí ìrókò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kì í, nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ojú oòrùn ti bò, òun nìkan ló kù lójú ọ̀run. Ó fi ìka méjì mú mi ní ẹ̀wù, ó gbé mi sókè dé iwájú ojú rẹ̀. Mo ti ń ka àdúrà ìkẹyìn.

"Tún un sọ," ó ní.

"Kí ni?"

"Ibi tí o ti ní mo ń rìn gbẹndẹkẹ." Omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ìkán kan tó garawa.

Ó gbé mi lọ sí ìlú wọn, lẹ́yìn òkè. Ẹ wá wo àwọn tí mo ti ṣá! Gbogbo wọn ló jókòó sí ìta ilé wọn, wọ́n ń fi òwú ìmọ́lẹ̀ gán ara wọn padà, wọ́n ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Bí wọ́n ti rí mi ni wọ́n pariwo.

"Ẹni tó là mí sí méjì láàárọ̀ rèé! Ọwọ́ rẹ mọ́ o!"

"Èmi ńkọ́? Ó ṣá mi lẹ́yìn. Ṣé ìwà nìyẹn, bàbá?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, n kò rí ojú yín," ni mo wí.

"Ó dáa. Lọ́la, dúró kí n kọjú sí ọ."

Wọ́n ní eré ni iṣẹ́ àwọn, pé bí a ti ń gbádùn ṣíṣá ni àwọn ń gbádùn ṣíṣubú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kò sẹ́ni tó kì àwọn rí. Wọ́n bá tò síwájú mi, ọmọdé àti àgbà wọn, pé kí n kì àwọn. Mo kì wọ́n, wọ́n ń wú, títí àwọn òrùlé fi ń já. Mo wá béèrè Ọdẹ́níran, mo ní ọjọ́ méje péré ni mo ní.

Abetíbíẹní ló dáhùn. "Ó wà ní pápá ìkẹyìn. Ó mọ̀ ọ́n ṣá, kò sí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú wa mọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ló ń wò. Kò sì ní orúkọ mọ́. Nọ́ńbà náà ti gba àyè rẹ̀."

"N ó lọ bá a báyìí," ni mo wí.

"Ṣọ́ra. Bó bá ṣá ọ, ìwọ náà yóò di ìmọ́lẹ̀, wàá sì bá ara rẹ lẹ́nu ibodè, wàá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ rẹ kò sì tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo dìde, mo ń lọ. Àmọ́ àárín pápá ni ọ̀nà gbà, iwin sì kún inú pápá náà. Mo ní kí n ṣá ọ̀kan. Mo ṣá ọ̀kan. Mo ní kí n ṣá èyí tó tẹ̀lé e, kó má baà bínú. Fẹ́ẹ́! Tín-ìn! Nọ́ńbà mi gòkè, ó lẹ́wà lójú mi. Ibi mìíràn ń ṣí lẹ́yìn ibi kan, òdòdó ń rọ̀ bí òjò, iwin abìyẹ́ ń bọ̀ láti inú òdòdó. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ta ni Ìbídùnní? Kí ni ń jẹ́ iṣu ìdána? N kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí wọ́n bá bi mí ní orúkọ mi lọ́jọ́ náà, ẹgbàá-ó-lé ni ǹ bá pe ara mi.

Ìgbà náà ni ẹnìkan fà mí létí. Ó fà á tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ké "Yéè!" Mo yíjú, Abetíbíẹní ni.

"Ọjọ́ kẹfà rèé," ó ní. "O ti wà níbí láti ọjọ́ mẹ́rin."

"Ta ló rán ọ?"

"N kò mọ̀. Mo kàn jí, ó wù mí kí n fà ọ́ létí."

Mo dojú bolẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í gbàgbé àdúrà. Mo dìde, mo di ojú mi, mo di etí mi, mo sáré la pápá náà kọjá.

Mo bá Ọdẹ́níran. Ẹ̀yin ènìyàn, nọ́ńbà tó wà lórí ọkùnrin náà gùn dé ìpẹ̀kun ojú ọ̀run, àwọn lékeléke ti bà lé e lórí. Ó ń ṣá, ó ń fò, ó ń yí. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo pè é. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣá fìlà mi sí méjì.

"Ọ̀rẹ́, èmi ni!"

"Ó dáa, ìwọ ni. Gbé àdá rẹ sókè, ọwọ́ rẹ falẹ̀."

Ọwọ́ ta ló falẹ̀? Èmi Ọdẹ́jìnmí? Inú bí mi. A kọlu ara wa. Àdá kan àdá, mànàmáná ń já sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn ata gbígbẹ. Mo ṣá, ó yẹ̀; ó ṣá, mo bẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, kò sí ọjọ́ tí ayé dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yára ju tèmi lọ, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó lé mi kan igi. Àdá mi bọ́. Ó gbé tirẹ̀ sókè, mo sì rí i pé mo fẹ́ di ìmọ́lẹ̀, pé ẹnu ibodè ni n ó bá ara mi, tí ọ̀la yóò sì jẹ́ ọjọ́ keje.

Kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ló kù. Ẹnu tó kó mi sí wàhálà lọ́jọ́ kìíní náà ni mo là, mo fi oríkì rẹ̀ pè é:

"Àkàngbé!
Ọmọ abíyamọ tó jí, tó fomi tútù bọ́jú,
ọmọ arìngbẹ́ máfọhùn,
tó bá ọ̀yà pín ọ̀nà, tó bá àgbọ̀nrín pín omi.
Àkàngbé, o pẹran tán, o gbé itan fún opó,
o gbé àyà fún arúgbó tí kò léyín,
o ní awọ tó fún ọ.
Ọkọ Ìyá Ìbídùnní,
baba Ìbídùnní tó ń fi èjìká gbé ọmọ rodò!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Nọ́ńbà orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ́ sílẹ̀ bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn lékeléke fò lọ. Orí rẹ̀ ń wú, ó ń wú, kò tóbi ju ti ènìyàn lọ. Àṣé orí rẹ̀ ti kéré láti ìgbà tó ti ń ṣá wọn, n kò mọ̀.

Ó ní, "Ìbídùnní." Ó tún un pè. "Ṣé eyín iwájú rẹ̀ yẹn ti hù?"

"Eyín wo? Eyín yẹn ti hù kí o tó wọ igbó yìí. Ọmọ ti fẹ́ relé ọkọ. Ọ̀la ni. Ó ní ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní kan orí òun, ọwọ́ rẹ ló ń retí."

Ọdẹ́níran jókòó sílẹ̀. Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu àdá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, jẹ́ kí n ṣá ọ̀kan sí i."

Mo ní, "Ṣá a."

Ó ṣá ọ̀kan, ó wò ó lójú, ó kí i. Èmi náà mú àdá mi nílẹ̀, mo ṣá ọ̀kan. A bá jáde.

Nígbà tí a dé ilé lọ́jọ́ keje, àwọn ará ilé ọkọ ti wà lágbàlá, iṣu ti wà lórí wọn. Ìbídùnní jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìyàwó, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó rí bàbá rẹ̀. Ó kàn kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba. Ọdẹ́níran gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

"Ìbídùnní ọmọ mi, Ọlọ́run yóò bá ọ gbé ibẹ̀. Wàá bí, wàá wò. Ohunkóhun tó bá dúró sí ọ lọ́nà..." Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá fò sókè, ó já wá sílẹ̀, fẹ́ẹ́! Ó gbá gèlè ìyá ìyàwó kúrò lórí. "...á là sí méjì!"

Gbogbo ilé ní, "Àmín!" Àwọn tó gbé iṣu sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ṣe àmín.

Ó wá ku ohun kan. Ọ̀nà odò, ilé Ọdẹ́níran ló ń ṣán an lọ́dọọdún. Láti ọdún mẹ́ta tí kò ti sí nílé, ọ̀nà ti dí, koríko ti bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìyàwó kò lè gba ibẹ̀. Ọdẹ́níran wò mí, mo wò ó. A fa àdá yọ.

Fẹ́ẹ́! Fẹ́ẹ́! A ń ṣán an, a ń rẹ́rìn-ín, òórùn koríko tútù ń bò wá, labalábá ń tú jáde níbi tí a bá ṣá. Ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá mi, ẹ fún mi ní àdá yẹn." Ó ká aṣọ ìyàwó sókè, ó ṣá ìdì koríko kan. Ó ṣá èkejì. Ó dúró.

"Hẹn-ẹn," ó ní. "Ìdí rẹ̀ rèé tí ẹ kò fi wálé fún ọdún mẹ́ta."

Bàbá rẹ̀ dorí kodò. "Ó dùn, ọmọ mi."

"Mo rí i," ni Ìbídùnní wí. Ó sì ń ṣán an lọ títí a fi dé odò.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀lé e, koríko náà ti dìde padà. Ọdẹ́níran yọ̀ bí ẹni tí àlejò wá bá. Lọ́dọọdún ló ń ṣá a lọ kí ọmọ rẹ̀, lọ́dọọdún ló ń hù, kò sì sígbà tó lọ tí kò kí koríko náà pé ẹ kú àbọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà ilé wa dí. Kí ó fún wa ní eré tó dùn àti ẹni tí yóò fà wá létí.

Ẹ wò ó! Wọ́n ti mú iná dé. Làmídì, orí mi lè dúró. Ẹ gbé páàdì géèmù yẹn wá, kí n ṣá méjì péré. Àmọ́ kí ẹnìkan nínú yín jókòó tì mí: bí iwin bá ṣubú, tí ẹ rí i pé mo fẹ́ la ẹnu kì í, ẹ tètè fọwọ́ bò mí lẹ́nu o.